Ààlà Inú Dísìkì Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ìwé ìrántí ọdún yìí ní kí a kọ nǹkan nípa yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ wa, ìròyìn ayọ̀ ni wọ́n ń retí: iye kọ̀ǹpútà tí a rí gbà, iye tí ó ń ṣiṣẹ́, àti ìdúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó fi owó ràn wá lọ́wọ́. Ìròyìn ayọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, a ó sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a jẹ yín, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí wa, tí a kò tíì sọ ní gbangba. Ọ̀rọ̀ náà kan àwòrán yín.

Àwa mẹ́ta ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fi yàrá náà lé lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì nínú wa. Ọ̀kan jẹ́ olùkọ́ ìṣirò tí ó ti fẹ̀yìntì, ọ̀kan ń ta ohun èlò iná mànàmáná, ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹnu iṣẹ́ ni a ti kọ́ èyí tí a mọ̀, a sì ti san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti rí i.

Láti ọdún 2014 ni a ti ń gba àwòrán àtijọ́ jọ. Àwọn kan nínú yín gbé álíbọ́ọ̀mù yín wá fún wa tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn mìíràn ti kú kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ọmọ wọn ni ó fún wa. A ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán náà sínú kọ̀ǹpútà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ó mọ ojú gbogbo ènìyàn inú wọn ni Màmá Akọ̀wé, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Màmá máa ń wá jókòó tì wá pẹ̀lú awò méjì, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lọ́rùn. Wọn á wo àwòrán kan pẹ́, wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á ní, “Èyí ni kì í fẹ́ jẹ ẹ̀wà. Bàbá rẹ̀ ni ó ń ta pákó nísàlẹ̀ ọjà.” Lẹ́yìn náà ni wọn á wá pe orúkọ, àwa á sì tẹ̀ ẹ́. Orúkọ tí Màmá bá pè ni a fi ń sọ fáìlì náà: orúkọ, ọdún, kíláàsì. A kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan, a kò kọ ọ́ síbòmíràn. Ọdún mẹ́ta ni a fi ṣe iṣẹ́ yìí. Màmá ti sùn nínú Olúwa báyìí.

Kí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ tó lè yé yín, a ní láti kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń pín dísìkì.

Ẹnikẹ́ni tí a bí sí ìdílé tí ó ní ilẹ̀ mọ pèrègún. Ibi tí ó bá dúró sí ni oko ẹnìkan parí sí, tí ti ẹlòmíràn sì bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe iṣu, kì í ṣe kòkó, kò sí ẹni tí ó gbìn ín nítorí àtijẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá hú u ní òru, àgbàdo tí ó wà lórí ilẹ̀ náà yóò ṣì wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀. Ẹ̀rí ẹni tí ó ni ín ni kò ní sí mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni dísìkì rí. Ilẹ̀ gbọọrọ kan ni. Kí kọ̀ǹpútà tó lè kó nǹkan sí i, a gbọ́dọ̀ pín in, ìbáà jẹ́ ìpín kan ṣoṣo ni a fẹ́, a sì gbọ́dọ̀ kọ ìwé ààlà sí ibi tí kọ̀ǹpútà yóò ti rí i. Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀ láti kọ ìwé ààlà náà. Ọ̀kan ń jẹ́ MBR, èkejì ń jẹ́ GPT.

MBR ni ẹ̀gbọ́n. Ó dé pẹ̀lú PC DOS 2.0 ní ọdún 1983, nígbà tí dísìkì inú kọ̀ǹpútà IBM XT jẹ́ mẹ́gábáìtì 10 péré. Gbogbo ìwé ààlà rẹ̀ wà nínú báìtì 512 àkọ́kọ́ lórí dísìkì: báìtì 446 fún ètò kékeré tí ń jí kọ̀ǹpútà, báìtì 64 fún ààlà, báìtì 2 fún òǹtẹ̀ tí ó parí rẹ̀. Nínú báìtì 64 yẹn, àyè mẹ́rin ni ó wà, báìtì 16 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìpín mẹ́rin, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi bí a bá sọ ọ̀kan nínú wọn di agboolé tí a sì tún pín inú rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Nọ́ńbà tí ó fi ń wọn ilẹ̀ kò sì ju bíìtì 32 lọ. Olùkọ́ ìṣirò wa kọ ọ́ sí ojú pátákó fún àwọn ọmọ SS 2: 2 ní ọ̀nà 32, ẹ fi 512 sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tí ó jáde ni báìtì 2,199,023,255,552, èyí tí Windows ń kà sí gígàbáìtì 2,048. Ibẹ̀ ni ojú MBR mọ lórí dísìkì tí ó wọ́pọ̀. Ohun tí ó bá wà lẹ́yìn ibẹ̀ dà bí igbó tí kò sí nínú àwòrán ilẹ̀: a ti sanwó rẹ̀, ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè gbin nǹkan kan sí i.

GPT ni àbúrò. Ilé iṣẹ́ Intel ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1990, gẹ́gẹ́ bí apá kan ètò tuntun tí yóò máa jí kọ̀ǹpútà, èyí tí a ń pè ní UEFI lónìí. Bíìtì 64 ni ó fi ń wọn ilẹ̀, nítorí náà kò sí dísìkì ọjà wa tí ó lè tóbi jù fún un. Windows fi àyè ìpín 128 sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ìpín kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà gígùn tirẹ̀ tí a kò retí pé kí òmíràn jẹ́. Èyí tí ó wù wá jù nínú rẹ̀ ni pé ó kọ ìwé ààlà náà lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀dà kan ní iwájú dísìkì, ẹ̀dà kan ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Ó tún ṣírò iye kan mọ́ ọn, tí yóò fi mọ̀ bí ẹ̀dà kan bá ti bàjẹ́ kí ó lè lọ wo èkejì. Ní ojú ọ̀nà gan-an, níbi tí MBR máa ń wà, ó tún gbé ìwé MBR kan kalẹ̀ tí ó sọ pé gbogbo ilẹ̀ náà ti ní olówó, kí ètò àtijọ́ tí kò mọ GPT má baà rò pé igbó ni, kí ó wá ṣán an. Ìwà àgbà ni èyí jẹ́ lójú wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àbúrò ni ó hù ú.

Ọmọ kan béèrè pé kí ló dé tí àwọn àkọ́kọ́ kò fi kọ ẹ̀dà méjì láti ìbẹ̀rẹ̀. A dá a lóhùn pé ẹni tí ó ní mẹ́gábáìtì 10 péré kì í fi báìtì tọrẹ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù nípa jíjí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà tí ó ń lo ètò àtijọ́, BIOS, máa ń ka báìtì 512 àkọ́kọ́ yẹn, á sì ṣe ohun tí ó bá bá níbẹ̀. Èyí tí ó ń lo UEFI kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpín kékeré kan ni ó ń wá, tí a tọ́jú ní ọ̀nà FAT32, tí fáìlì tí yóò jí Windows tàbí Linux wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí Windows yóò bá jí láti orí dísìkì kan, BIOS ń fẹ́ MBR, UEFI sì ń fẹ́ GPT. Bí a bá yí ọ̀kan padà tí a gbàgbé èkejì, kọ̀ǹpútà kò ní jí. Ṣùgbọ́n dísìkì tí a kàn ń kó ẹrù sí, tí kò ní jí nǹkan kan, kò sí irú ìdè bẹ́ẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni a kò fi sọ́kàn tó, òun náà ni ó sì kó wa sí wàhálà.

Iṣẹ́ tí a ṣe dáadáa ni kí a kọ́kọ́ sọ. Ilé iṣẹ́ Microsoft ti kéde pé ìtọ́jú Windows 10 yóò dópin ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Kọ̀ǹpútà 18 ni ó wà nínú yàrá wa, Windows 10 sì ni gbogbo wọn ń lò. A pinnu láti gbé èyí tí ó bá ṣeé gbé lọ sí Windows 11 nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, kí àwọn ọmọ tó wọlé. Nígbà tí a yẹ̀ wọ́n wò, a rí i pé ẹni tí ó tà wọ́n fún wa ti fi Windows sí wọn ní ọ̀nà BIOS àtijọ́, lórí MBR, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé UEFI wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Windows 11 sì ń fẹ́ UEFI. Ó tún ń fẹ́ TPM 2.0 àti irú processor tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ Microsoft, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé bí a bá ti yí ìpín padà, ọ̀rọ̀ parí. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin nínú tiwa kò lè gba Windows 11 bó ti wù kí a ṣe wọ́n.

Ohun èlò tí a lò ń jẹ́ mbr2gpt, ó sì ti wà nínú Windows 10 láti ìgbà ẹ̀dà 1703 ti ọdún 2017. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yí dísìkì tí Windows ń jí láti orí rẹ̀ padà kúrò ní MBR sí GPT láìpa fáìlì kankan rẹ́. Ó ní àṣẹ méjì tí ó ṣe pàtàkì. Àṣẹ kìíní, /validate, kì í fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó kàn ń wò ó bóyá ó ṣeé ṣe. Àṣẹ kejì, /convert, ni ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Bí Windows bá wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí a ń ṣe é, a óò fi /allowFullOS kún un. Ó ń béèrè pé kí ìpín tí ó wà lórí dísìkì má ju mẹ́ta lọ, kí ìpín kankan má jẹ́ agboolé, kí àyè díẹ̀ sì wà ní iwájú àti ní ẹ̀yìn dísìkì fún ìwé ààlà tuntun. Bí a bá fi BitLocker ti dísìkì náà, a gbọ́dọ̀ dá a dúró ná. Lẹ́yìn tí ó bá parí, a ó tún kọ̀ǹpútà tàn, a ó wọ inú ètò rẹ̀, a ó yí i kúrò ní Legacy sí UEFI.

Ní orí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, ọkàn wa ń lù kìkì. A ti da gbogbo nǹkan inú rẹ̀ kọ sí dísìkì mìíràn kí a tó bẹ̀rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí ó fi parí. A yí i sí UEFI, ó jí, fáìlì gbogbo wà níbẹ̀. Olùtajà iná wa jó. Kọ̀ǹpútà kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tí a dé orí ìkarùn-ún, a kò da nǹkan kọ mọ́. Méjì nínú wọn kọ̀ fún wa nígbà tí a lo /validate, nítorí pé ìpín mẹ́rin ti kún orí wọn. A ní láti yọ ìpín kan tí kò wúlò fún wa mọ́ kí ó tó gbà. Àwọn mẹ́rin tí kò lè gba Windows 11, a fi wọ́n sílẹ̀ lórí MBR, a sì fi Linux sí wọn. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di òní, àwọn ọmọ JSS ni ó ń fi wọ́n kọ́ títẹ̀wé. A kò rí ìdí kankan láti yí dísìkì wọn padà. Dísìkì gígàbáìtì 500 ni, ìpín méjì ni ó wà lórí rẹ̀, kí ni a fẹ́ fi ẹ̀dá tuntun ṣe níbẹ̀?

Bí ìṣẹ́gun bá pọ̀ jù, ó máa ń sọ ọwọ́ di fùyẹ́. Ọwọ́ fùyẹ́ yìí ni a gbé dé ọ̀dọ̀ dísìkì àwòrán.

Dísìkì méjì ni ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa kan rà fún iṣẹ́ àwòrán, tẹ́ràbáìtì 4 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ kan náà, ìwọ̀n kan náà. Táíwò àti Kẹ́hìndé ni a ń pè wọ́n. Àwòrán, fídíò ọjọ́ eré ìdárayá àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ àtijọ́ wà lórí Táíwò. Kẹ́hìndé ṣófo, a tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ iwájú. Nígbà tí a kọ́kọ́ fi wọ́n sínú kọ̀ǹpútà Windows 7, ó bi wá pé MBR tàbí GPT. A ti sàmì sí MBR tẹ́lẹ̀ fún wa, a kàn tẹ OK. Láti ọjọ́ náà, nínú gígàbáìtì 3,726 tí Windows ń kà lórí wọn, 2,048 ni a lè lò. 1,678 tó kù jókòó síbẹ̀ láìní orúkọ. Ọdún púpọ̀ ni a fi rò pé ẹni tí ó tà wọ́n ni ó rẹ́ wa jẹ. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níbikíbi tí ó bá wà.

Táíwò ti fẹ́ kún. Ètò wa dára: a ó yí Kẹ́hìndé tí ó ṣófo sí GPT, a ó kó ẹrù Táíwò sí i, lẹ́yìn náà ni a ó wá yí Táíwò padà. Ṣùgbọ́n mbr2gpt kì í gba dísìkì tí Windows kò sí lórí rẹ̀. Ọ̀nà tí Windows fi sílẹ̀ fún dísìkì ẹrù ni kí a pa gbogbo ààlà rẹ́ kí a tó kọ tuntun. Lórí dísìkì tí ó ṣófo, kò léwu rárá. Diskpart ni a fi ń ṣe é: a ó ní kí ó to àwọn dísìkì sílẹ̀, a ó yan nọ́ńbà, a ó tẹ clean, a ó tẹ convert gpt.

Ìwé pélébé kan wà lára ògiri tí a kọ ọ́ sí pé Táíwò ni 1, Kẹ́hìndé ni 2. Ohun tí ìwé náà kò mọ̀ ni pé ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, a ti tú kọ̀ǹpútà náà láti nu eruku inú rẹ̀. Nígbà tí a ń dá wáyà padà, ọ̀kan bọ́ sí ihò èkejì. Àkójọ tí diskpart fi hàn wá kò sì sọ orúkọ; nọ́ńbà àti ìwọ̀n ni ó ń sọ. Gígàbáìtì 3,726 ni ìhín, gígàbáìtì 3,726 ni ọ̀hún. Àṣẹ kan wà, detail disk, tí ì bá ti fi hàn wá pé ìpín tí ń jẹ́ ÀWÒRÁN ni ó wà lórí èyí tí a yàn. A kò tẹ̀ ẹ́. A yan 2. A tẹ clean. Clean kì í béèrè pé ṣé ó dá ẹ lójú. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti parí.

A pín in tuntun, a fi format tí ó yára sí i, a sì yọ̀ nígbà tí a rí i pé gbogbo gígàbáìtì 3,726 ti yọjú. Ohun tí a kọ́kọ́ kó sí i ni ohùn àwọn akọrin ilé-ẹ̀kọ́, tí a ti gbà láti orí káséẹ̀tì sí orí láputọ́ọ̀pù. Ó gba bí ogójì ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni a wá ṣí “Táíwò” láti kó àwòrán. Ó ṣófo.

A kò lè ṣàlàyé bí yàrá náà ṣe dákẹ́. Nọ́ọ̀sì wa ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Ẹ pa á. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́.” Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní wọ́ọ̀dù ni, pé kí a kọ́kọ́ dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Bí a bá sì rí nǹkan kan gbà padà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ni ó fà á, nítorí pé gbogbo báìtì tí a bá tún kọ sórí dísìkì náà, orí àwòrán ẹnìkan ni ì bá dùbúlẹ̀ sí.

Ẹ rántí pèrègún. Clean hú ààlà, kò jó oko. Format tí ó yára náà kò jó oko. Ìwé tuntun tí ó ń sọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà ni ó kọ lé orí ti àtijọ́. Bí a bá ti lo format kíkún ni, òdo ni Windows ì bá kọ bo gbogbo ilẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti tán. Ẹ̀dà méjì tí GPT ń kọ kò lè gbà wá, nítorí pé MBR ni Táíwò ń lò. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ GPT, clean mọ ibi tí ẹ̀dà méjèèjì wà. Jàǹbá ni ẹ̀dà méjì wà fún. Kò wà fún ọwọ́ olówó ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

A yá dísìkì ńlá kẹta láti kó ohun tí a bá rí sí. Ètò méjì tí Christophe Grenier kọ ni a lò, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. TestDisk ń wá ààlà àtijọ́, PhotoRec ń wá fáìlì fúnra rẹ̀. TestDisk rí ibi tí ìpín ÀWÒRÁN ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n apá púpọ̀ nínú ìwé orúkọ ti lọ lábẹ́ tuntun. PhotoRec kì í wo ìwé orúkọ rárá. Ó ń rin gbogbo ilẹ̀ náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ó ń wá ohun tí ó bá jọ ìbẹ̀rẹ̀ àwòrán. Òru mẹ́ta ni a fi ṣọ́ ọ. Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Jẹnẹrétọ̀ ilé ìjọsìn ni a fi gbé bátìrì ró, kí Ọlọ́run sán an fún àlùfáà tí kò béèrè owó epo.

Nínú àwòrán bí 9,000, bí 1,300 padà pẹ̀lú orúkọ wọn. Bí 7,100 padà láìní orúkọ. Bí 600 kò padà mọ́; ohùn àwọn akọrin ti dùbúlẹ̀ lé wọn lórí. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ padà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, nítorí pé wọ́n wà ní òpin dísìkì.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni a gbọ́ nípa gdisk, ètò tí Roderick Smith kọ. Ó lè yí dísìkì ẹrù láti MBR sí GPT láìpa á rẹ́, bí àyè bá wà ní iwájú àti ní ẹ̀yìn. Àyè wà lórí Táíwò. Ní òpin rẹ̀ nìkan, gígàbáìtì 1,678 ni.

Ohun tí ó wà báyìí nìyí. Táíwò àti Kẹ́hìndé ti di GPT méjèèjì, ẹrù kan náà ni ó wà lórí wọn, wọn kì í sì í gbé inú kọ̀ǹpútà kan náà mọ́: ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá, ọ̀kan wà nílé ọ̀kan nínú wa. Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sí ara wọn ni a fi ń dá wọn mọ̀, a sì ń kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, ẹni méjì, kí a tó pàṣẹ kankan. Fláàṣì tí a fi ń ṣe àfihàn ní gbọ̀ngàn ṣì wà ní MBR, nítorí pé tẹlifíṣọ̀n gbọ̀ngàn kò mọ GPT. Nígbà tí a gbìyànjú rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan lára ògiri. Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá ń ra dísìkì ńlá fún ọmọ yín, GPT ni kí ẹ yàn bí kọ̀ǹpútà náà kò bá ti gbó jù. Orúkọ tí a bá gbọ́ báyìí, ìwé ni a ń kọ ọ́ sí, pẹ̀lú bírò.

Ó kù 7,100. PhotoRec ti sọ wọ́n ní orúkọ tirẹ̀, lẹ́tà f àti nọ́ńbà. Nọ́ńbà náà kì í ṣe ọdún, kì í ṣe kíláàsì. Ibi tí ó ti rí àwòrán náà lórí ilẹ̀ dísìkì ni. Màmá Akọ̀wé ì bá ti wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó pe orúkọ. Àwa kò mọ̀ wọ́n.

Nítorí náà a bẹ̀ yín. Ní ọjọ́ àjọyọ̀, tábìlì gígùn mẹ́fà yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, a ó tẹ́ àwòrán tí a tẹ̀ sórí ìwé sí orí wọn. Ẹ má kọ nǹkan sí ara àwòrán. Bébà wà níbẹ̀: ẹ kọ nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ ẹni tí ẹ mọ̀, àti ọdún tí ẹ rò pé ó jẹ́. Bí orúkọ ìnagijẹ nìkan ni ẹ rántí, ẹ kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, a ó fi tiyín ránṣẹ́ sí àwọn akọ̀wé ẹ̀ka yín. Ẹ mú àwọn àgbà dání, pẹ̀lú awò wọn.

Èyí tí yóò wà ní iwájú gan-an ni f1204864. Pápá ìṣeré wa ni, igi máńgòrò tí wọ́n gé ṣì wà lẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan wà ní àárín, ó di ọ̀pá eré ìje mú, ẹnu rẹ̀ ṣí, bàtà rẹ̀ kan ti bọ́. Bàbá kan tí ó di agboòrùn mú ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀yìn okùn, pẹ̀lú agbádá, bí ẹni pé òun náà wà nínú ìdíje. A ti bi gbogbo ẹni tí a mọ̀.